Oyè Kì í Kú: Ìdáhùn fún Akọ̀wé Àdúgbò tí Gọ́tà Wọn Kò Parí

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan lórí Mainland ní Èkó ló kọ̀wé sí mi. Mo ti yọ orúkọ òpópónà àti ti káńsù kúrò, torí ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ káńsù. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Alága káńsù tó lọ ló bẹ̀rẹ̀ gọ́tà òpópónà wa. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìdajì, wọ́n da kọnkéré sí apá ibì kan, ni ìdìbò bá dé. Alága tuntun ní òun kò bá fáìlì kankan nílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kò gbé fóònù mọ́. Nígbà òjò tó kọjá, omi wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé mẹ́ta, ó ba pẹ́pà wọn jẹ́, ó sì wọ yàrá àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ wa àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti kó lọ sí Ìbàdàn. Láti 2011 tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń sọ lórí rédíò pé ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ ń fẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó lágbára. Kí ni ìyẹn jẹ́ fún àwa tí a wà nínú omi? Kí la lè ṣe tí iṣẹ́ kò fi ní máa kú bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ?"

Akọ̀wé, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ irú omi tí ẹ ń sọ, èyí tó máa ń wọlé lóru tí èèyàn á fi máa gbé mátíràsì lé orí tábìlì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdáhùn mi sì kúrú, àlàyé rẹ̀ ló gùn: alága nìkan ló ni gọ́tà yín. Òun ló mọ̀ ọ́n, òun ló ń pe agbaṣẹ́ṣe, òun ló mọ ibi tí owó kù sí. Nígbà tó lọ, gọ́tà bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí ará Èkó. Oyè kì í kú, ẹni tó jẹ ẹ́ ní í kú. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, ìyẹn àwọn olóyè onílẹ̀, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé London. Herbert Macaulay bá a lọ síbẹ̀ ní 1920, ìdájọ́ sì jáde ní 1921. Ìjọba ti ń sọ pé ẹ̀tọ́ kékeré tí Olúwa fúnra rẹ̀ ní lórí ilẹ̀ náà nìkan làwọn máa sanwó fún. Àwọn adájọ́ ní rárá, ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ, Olúwa ń bójú tó o fún wọn ni, nítorí náà kí wọ́n sanwó rẹ̀ bí ilẹ̀ tí gbogbo àwùjọ ni. Olúwa mìíràn ti jẹ lẹ́yìn rẹ̀, àga náà ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò kò ju ìyẹn lọ: àga tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ Lágbájá ló jókòó lé e tàbí Tàmẹ̀dù.

Mo ti rí òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi. Ní káńsù kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀ ni mo béèrè fún àwòrán tó fi gbogbo gọ́tà àdúgbò hàn. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ òde ti fẹ̀yìn tì láti oṣù mẹ́rin. Nígbà tí a pè é, ó ní àwòrán náà wà nínú bùútù ọkọ̀ òun, pé òun gbé e síbẹ̀ kí òjò tó ń jò ní ọ́fíìsì má bàa bà á jẹ́. Ọkùnrin náà kò jalè. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́rin gbáko, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó kò mọ ọ̀nà tí omi rẹ̀ ń gbà, torí pé inú ọkọ̀ ẹnì kan ni ìmọ̀ náà wà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dẹ́kun bíbéèrè bóyá alága kan jẹ́ ẹni rere. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé tó bá sùn tí kò jí, ta ló mọ ohun tó kàn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Alhaji Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, fẹ́ kọ́ Metroline fún Èkó. Àwọn ológun gba ìjọba ní ìparí 1983, wọ́n sì fagi lé iṣẹ́ náà ní 1985. Owó ìlú ti wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé e. Èrò náà dára, ọkùnrin náà jára mọ́ṣẹ́, síbẹ̀ nígbà tí òun kò sí nílé, kò sí ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo iṣẹ́ náà. Ní 2002, lábẹ́ Gómìnà Tinubu, ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin dá LAMATA sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà ní Èkó. Òfin yẹn fún un ní ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, ó sì fún un ní àpò owó fún ọ̀rọ̀ ìrìnnà. Ní oṣù Kẹta 2008, bọ́ọ̀sì BRT, èyí tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS. Iṣẹ́ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ ní 2010, lábẹ́ Fashola. Ambode ṣe ìjọba, ó lọ. Sanwo-Olu dé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023, èrò àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ láti Marina sí Mile 2. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Agbádó àti Ọ̀yìngbò.

Kìlómítà 13 ti Blue Line ní ọdún 13. Ó pẹ́, n kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí gómìnà kan bá jáde, fáìlì wà ní ọ́fíìsì, àwọn ẹnjiníà wà lẹ́nu iṣẹ́, gbèsè wà nínú ìwé, ẹni tuntun sì ń bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé. Ẹnì kan lè wí pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ló bí gómìnà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abájọ. Òótọ́ ni, ó ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ alága káńsù ní Èkó ti ń wá? Kí ló dé tí fáìlì tiwọn ń sọnù?

Agbára nìkan kò sì tó, mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ilé iṣẹ́ ìjọba alágbára. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ohun tó bí Lagos Executive Development Board ní 1928 nìyẹn, láti tún ìlú tò. Board yẹn ní òfin, ó ní owó, ó ní fáìlì tó pé. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ó wó ilé káàkiri àárín Erékùṣù Èkó, ó sì kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá tó ń tajà níwájú ilé ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ níbi tí kò sí oníbàárà, tí ọkọ̀ tó máa gbé e padà sí ọjà sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹbí tó ti ń gbé agbo ilé kan náà túká. Board náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rí i, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wó ilé wọn kò ní ibi tí wọ́n ti lè bi í léèrè. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn 17 fún ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2015, wọ́n kọ ọ́ sínú ìkẹrìndínlógún pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba ní gbogbo ìpele máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú, kí ó máa jíhìn, kí ó sì ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ní gbogbo ìpele. Káńsù yín wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú gọ́tà yín.

Ta ló ni ín? Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, torí mo ti rí àdúgbò tó fi ọdún mẹ́ta kọ̀wé sí ibi tí kò tọ́. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjà, ibùdókọ̀, ìtẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, ṣíṣe òpópónà, iná òpópónà àti gọ́tà àti títún wọn ṣe. Nítorí náà gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé yín, káńsù ló ni ín. Kánáàlì ńlá tí gọ́tà yẹn ń já sí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó o, nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Bí omi yín bá ń gba abẹ́ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ kọjá, ìyẹn tún di ọ̀rọ̀ Àbújá. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà omi náà láti òpópónà yín títí dé ibi tó ti wọ ọ̀sà, kí ẹ kọ ibi tó ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí kánáàlì bá dí nísàlẹ̀, gọ́tà tuntun á kàn máa gbé omi wá bá yín kíákíá ni.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin ará Èkó ní láti mọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà nínú ìwé òfin fún ìpínlẹ̀ yìí. Àwọn 37 tí a ń pè ní LCDA, ìyẹn àwọn káńsù ìdàgbàsókè tí wọ́n gé jáde lára ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀ ní 2003. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, àti pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn nìkan ló gbọ́dọ̀ máa darí wọn, àwọn tó wà nínú ìwé òfin ni ó ń sọ nípa wọn. Bí káńsù yín bá jẹ́ LCDA, ẹ béèrè bí owó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó bí i dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ kì í rìn fúnra rẹ̀, aráàlú ló ń tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin pẹ̀lú ń ṣe àṣìṣe kan, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Mo rí ọjọ́ tí ẹ kọ sára àwọn lẹ́tà tí ẹ ti kọ sí káńsù, tí ẹ fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí mi. Oṣù Kẹfà, oṣù Keje, oṣù Keje. Ìgbà tí omi ti wọlé ni ẹ máa ń kọ̀wé. Ní àkókò yẹn, owó ọdún náà ti ní orúkọ lára. Ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni àwọn ẹ̀ka ní káńsù ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe jọ. Lẹ́yìn náà ni ó máa dé iwájú àwọn káńsílọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i di òfin. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, àánú nìkan ló lè ṣe é, àánú alága kan kò sì ju ọdún mẹ́rin lọ. Èyí tó ti wà nínú ìṣúná, bí alága bá tilẹ̀ lọ, ẹni tó bọ́ síbẹ̀ á rí i pẹ̀lú iye owó tó wà níwájú rẹ̀. Káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó o, ní ọ́fíìsì rẹ̀, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ní ti fáìlì tí wọ́n ní kò sí nílẹ̀, òfin ti wà fún un. Láti oṣù Karùn-ún 2011 ni a ti ní Òfin Òmìnira Ìròyìn tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FOI. Ẹnikẹ́ni lè béèrè fún ìwé tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ọ̀rọ̀ náà bá lọ́jú pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí kóòtù, owó ìtanràn ẹni tó kọ̀ láìnídìí sì jẹ́ 500,000 náírà. Òfin náà tún sọ pé gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ sì lè ṣẹ̀wọ̀n, ó kéré tán ọdún kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ parí àríyànjiyàn yẹn ní oṣù Kẹrin 2025: ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé náà lè béèrè, ẹlòmíràn lè bá a kọ ọ́, bó bá sì fi ẹnu sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ẹ má kọ ìbínú sínú lẹ́tà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ẹ máa bá ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ béèrè fún ìwé àdéhùn iṣẹ́ gọ́tà náà, gígùn tí wọ́n gbà láti ṣe, iye tí wọ́n bá agbaṣẹ́ṣe sọ, iye tó ti gbà, ìwé ẹ̀rí tí ẹnjiníà káńsù fọwọ́ sí kí wọ́n tó san owó kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ ipò òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ipò ni mo wí. Bí ẹ bá kọ orúkọ èèyàn, wọ́n á gbé e kúrò níbẹ̀, lẹ́tà yín á sì di ti ẹni tí kò sí mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ máa mú padà sílé.

Bí gọ́tà náà bá wá parí, ẹ má jó tán kí ẹ tó béèrè ta ni yóò máa kó o. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ìjọba wa. Ojoojúmọ́ ni a ń gé ríbọ́ọ̀nù fún gọ́tà tuntun, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti gé ríbọ́ọ̀nù fún gọ́tà tí wọ́n kó mọ́. Ẹ rántí ìmọ́tótó Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tó ti wà láti ayé ìjọba ológun, tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní oṣù Kẹta 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé kò sí òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti ti àwọn èèyàn mọ́lé báyẹn. Ní oṣù Kọkànlá 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fòpin sí i. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, ọ̀sẹ̀ tí ọlọ́pàá kúrò lójú ọ̀nà ni a gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìbẹ̀rù ló ń kó gọ́tà wa, a kò fi ọwọ́ ara wa yan ẹnì kankan síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti yan èèyàn, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó díẹ̀ lóṣooṣù, tí àwọn ọ̀dọ́ méjì ń kó yẹ̀pẹ̀ àti náílọ́nù kúrò kí òjò tó dé, iṣẹ́ ń lọ títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń bá káńsílọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìṣúná, ẹ béèrè fún owó ìtọ́jú lọ́tọ̀, ó kéré bó ti wù kó kéré, kó máa wà níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Akọ̀wé, ibi tó kù yìí le láti sọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìfẹ́. Láti 2011 ni ẹ ti ń ṣe akọ̀wé. Àdúgbò yín jẹ yín ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n alága yín àtijọ́ kó lọ sí Ìbàdàn, ìwé àdéhùn bá a lọ. Kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí ohun tí alága káńsù ṣe? Bí ẹ bá rìnrìn àjò lọ́la, ta ló mọ ibi tí ìwé ìpàdé wà? Ẹni mélòó ló ń fọwọ́ sí owó ẹgbẹ́ ní báńkì? Ìgbà wo ni ẹ dìbò kẹ́yìn? Àwọn ìyá tó ń ṣe àjọ ní ọjà mọ̀ pé bí alájọ bá kú, káàdì á sọ iye tí kálukú dá. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín dà bíi ti wọn. Ẹ yan igbákejì akọ̀wé lọ́dún yìí, ọ̀dọ́ ni kó jẹ́, obìnrin bó bá ṣeé ṣe, torí àwọn obìnrin ló ń gbọ́n omi jù lọ. Kó máa jókòó tì yín, kó máa bá yín lọ sí káńsù títí àwọn tó wà níbẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí ẹ máa kọ gbogbo lẹ́tà tó jáde àti èyí tó wọlé sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ìwé yẹn má sùn ní ilé ẹnikẹ́ni ju ọdún méjì lọ.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìyókù, ẹ fi owó ọkọ̀ sílẹ̀ kí igbákejì yín lọ sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kó kí bàbá náà dáadáa, kó mú nǹkan dání fún un. Kó ya ìwé àdéhùn náà ní fóònù ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ kó tó jáde ní ilé wọn.